Ta Ló Mọ Orúkọ Ìyá Kúdí?

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú àárò mi. Mo kí Bàámi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Rásákì àti ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ṣakí. Ibi tí mo wà yìí náà ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú bó bá jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́tà yìí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ni, nítorí ohun tí mò ń wá lè wà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Òjò ìlú Douala yìí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí aṣọ mi kò gbẹ dáadáa ní yàrá tí mo gbà sí àdúgbò Deïdo. Ọjà Marché Central náà ni mo ṣì wà, níbi tí a ti ń tú bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà, tí a ń ṣa aṣọ tó dára kúrò lára èyí tó ya. Eruku rẹ̀ ń mú mi wúkọ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, bí mo bá kí wọn, Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní gbọ́ Yorùbá kankan títí ilẹ̀ á fi ṣú, pàápàá láti ìgbà tí Ìyá Kúdí ti kú.

Ẹ̀yin lẹ fi mí lé e lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ níbí. Nígbà yẹn, wọn kì í san owó fún àwa tí à ń tú bẹ́ẹ̀lì. Aṣọ yíya tí ẹnikẹ́ni kò ní rà ni wọ́n ń kó fún wa nírọ̀lẹ́. Obìnrin tí oyún rẹ̀ bá sì ti hàn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ìyá Kúdí ló kó wa jọ. Ó ní ká má bú ẹnikẹ́ni, ká má ṣẹ́ èpè, ká ṣáà jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì ká káwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó. Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ, ó sùn sí àgọ́ wọn, wọ́n dá a sílẹ̀ láàárọ̀, ó tún padà wá jókòó. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn tó ni ọjà gbà láti máa sanwó ní gbogbo Sátidé, wọ́n sì gbà pé aláboyún kò ní pàdánù iṣẹ́ mọ́. Òun nìkan ni wọn kò gbà padà. Ọṣẹ ló ń tà lẹ́bàá afárá títí tó fi kú, a sì ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó gbà fún wa. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa ń tì nítorí Alájì kan tó kọ́kọ́ kó bẹ́ẹ̀lì wọ ọjà wa. Àwa obìnrin fẹ́ kí wọ́n ya irú ọlidé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ìyá Kúdí náà. Nígbà tí a sọ fún àwọn àgbà ọjà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tó kọ́lé sí Bonamoussadi níbi tí àwọn olówó ń gbé, bi wá bóyá a ó tún máa ti ọjà nítorí alágbàṣe. Mo ní ọjà ti tì nítorí rẹ̀ rí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àfi pé wọn kò pè é ní ọlidé. Wọ́n wá ní ká lọ sí ọ́fíìsì mérì tó ń ṣàkóso ìlú. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò le mọ́ wa. Ó ní ká ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ká sì mú un wá kí oṣù yìí tó parí.

Màámi, àwa mọ́kànlá la dúró níwájú tábìlì yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú wa tó jẹ́ pe àgbà lórúkọ? Kúdí tí a fi ń pè é ti kú ní kékeré, ọkọ rẹ̀ náà ti kú. Ìwé ìgbélùú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní séjúù níbí, ti ìyálé rẹ̀ ni. Ìyálé ló kọ́kọ́ wá; nígbà tó ń padà sílé, ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún un. Ráfátù ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá kọ Ráfátù, ìyálé tó ń jẹun ní Ṣakí la ń dá lọ́lá. Nígbà tí mo sì pè yín, ẹ ní ìyálé ti darúgbó, pé "ìyàwó mi" nìkan ló rántí pé òun ń pè é, àti pé ẹ̀yin náà kò mọ̀ ju Ìyá Kúdí lọ.

Ohun tí n kò lè sọ lórí fóònù nìyí. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé ọsibítù, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba orúkọ aláìsàn, n kò sì wo orúkọ tó wà nínú rẹ̀. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń retí kí wọ́n pe ẹni tiwa. Wọ́n ń pe ẹbí Ráfátù kó wá ra oògùn. Wọ́n pè títí. Mo tilẹ̀ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé àwọn ẹbí Ráfátù yìí mà dájú o, wọ́n gbé èèyàn wá, wọ́n sì sá lọ. Àṣé àwa ni. Nígbà tí ara fu mi, tí mo dìde lọ wò, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nọ́ọ̀sì ní bí a tilẹ̀ tètè ra oògùn náà, ó ṣeé ṣe kó má yè é. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú. Orúkọ onórúkọ yẹn náà la fi sin ín.

Nítorí náà, Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi rán ẹnìkan sí Kìṣí. Ibẹ̀ ló ti wọlé ọkọ wá, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n á sì ti mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí, tó mọ ọmọ Kìṣí kan tó ní àpá kékeré lábẹ́ ojú òsì, tí ọkọ rẹ̀ mú lọ sí Douala, kó jọ̀wọ́ kó wá bá màámi. Bí kò bá sì sí ẹni tó rántí, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, ilé kò ní dà rú mọ́ yín lórí, a ó fojú kan ara wa láàyè. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Ẹ kí ìyálé Ìyá Kúdí náà, n kò bá a jà. Àwọn obìnrin ọjà tó kù, ọlidé ni wọ́n ń wá. Èmi fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ gan-an lójú gbogbo ọjà, kí n lè dìde dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù