Ikọ́ Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ẹ̀kọ́ Bàámi

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè Bàámi. Ara mi le. Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi tó ní mo rù lóhùn. Fóònù rẹ̀ ló ń sọ èèyàn di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìwé ìrìnnà tí kò tètè jáde, tí mi ò fi lè wá sìnkú, wọ́n ní ó ti kù díẹ̀.

Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an. Mò ń bá àwọn olùkọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíì ti gbà sílẹ̀, kí wọ́n lè tún un lò. A máa ń gé ìkíni àti ikọ́ dànù, kó lè bá kíláàsì gbogbo mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan ń wá ẹ̀kọ́ lórí ìdajì àti ìdámẹ́ta. Mo wá a, ohùn Bàámi ló jáde, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé fún àwọn ọmọ iléèwé wọn kí wọ́n tó kú. Mo tiẹ̀ gbọ́ tí ẹ̀ ń fọ abọ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n wúkọ́ títí, wọ́n wá ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀fìnkìn lásán ni." Ohun tí ẹ̀yin náà sọ fún mi nìyẹn nígbà tí àìsàn wọn bẹ̀rẹ̀.

Mo gé e kúrò. Olùkọ́ yẹn dúpẹ́, ó ní ohùn bàbá yìí dá ṣáká, ara wọn á mà le o. Mo ní ó le.

Mi ò ju ikọ́ náà nù ṣá. Ó wà nínú fóònù mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí ikọ́ bá mú ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀fìnkìn fún mi.

Èmi ọmọ yín.