Agogo Mi ní Valbrune

                                                  Longbridge,
                                                  Barking,
                                                  London.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kárùn-ún, ọdún 2025.

Láyí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyá Jésùfẹ́mi, ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn? Bàbá Jésùfẹ́mi ńkọ́? Ẹ kú ooru Ìjẹ̀bú-Igbó o. Ara tèmi náà le, a dúpẹ́, àfi ẹsẹ̀ tó ń ro mí nítorí òkè tí mo gùn.

Mo ti ti Faransé dé. Ìwọ lo sọ pé bí mo bá bá ọmọ mi wẹ ọmọ tuntun tán, kí n kó Ọmọ́ṣọlá àti ọmọ ẹ̀ bọ̀ ní Barking. Ohun tí mo bá lọ gan-an nìyẹn. Mo ti tún yàrá kékeré ṣe, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Bí èèyàn bá rìn jìnnà, á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Valbrune tí Ọmọ́ṣọlá ń gbé, tí wọ́n ń pè ní ìlú yìí, abúlé ni jàre! Gbogbo wọn ò tó igba. Òkè ńlá wà lẹ́yìn wọn, yìnyín ṣì funfun lórí ẹ̀ nínú oṣù Kẹrin. Níwájú, oko àjàrà ni títí dé etí odò. Ṣọ́ọ̀bù kankan ò sí, ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Olórí ìlú wọn, bàbá arúgbó kan, fúnra ẹ̀ ló ń ro oko àjàrà ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú sì wà lápò ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀.

Ó dùn ún wò, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ethan, ọkọ ọmọ mi, ọkọ̀ tó ń kó ọtí ló ń wà. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni kì í sí nílé. Ilé ìwòsàn sì jìnnà. Mo bi Ọmọ́ṣọlá pé, "Bí ara ọmọ yìí bá gbóná, ta lo máa ké sí?" Ó ní, "Mọ́mì, àwọn ará ibí wà now." Mo pòṣé. Àwọn wo? Àwọn tí wọ́n ti fèrèsé pa láti ìrọ̀lẹ́?

Àfi bí mo ṣe ṣàṣìṣe. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo wọ sùtánà mi, mo bọ́ bàtà, mo lọ sétí oko àjàrà kí n má bàa jí ọmọ. Mo lu agogo àdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí a ṣe ń ṣe ní ìjọ wa. N ò tíì pe Jèhófà tán tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí gbàgà gbàgà. Gbogbo abúlé tú jáde! Màmá arúgbó kan nínú aṣọ oorun, olórí ìlú pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, àwọn mìíràn gbé péèlì tí wọ́n rọ àbẹ́là kún dání. Mo rò pé wọ́n wá lù mí ni.

Ọmọ́ṣọlá ló sáré wá ṣàlàyé. Nígbà báyìí nínú ọdún, bí agogo bá dún ní ìdájí, ìrì dídì ló fẹ́ pa ọ̀mùnú àjàrà nìyẹn, gbogbo èèyàn, olóko àti aláìlóko, ní í jáde wá tan iná sáàárín ebè. Yéè! Bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo kúnlẹ̀, mò ń bẹ̀ wọ́n. Olórí ìlú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí péèlì. Màmá arúgbó náà bọ́ ìborùn ẹ̀, ó fi wé ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí wọn ò rí ìrì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ?

Láyí, mo sunkún. Lọ́dún tó kọjá, aago iná dún nílé aládùúgbò mi níbí, fèrèsé ni mo tì kí ariwo má bàa dí mi lọ́wọ́. Èmi Wùnmí, aládùúrà. N ò sọ̀rọ̀ Barking fún Ọmọ́ṣọlá mọ́. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ṣì wà nínú yàrá kékeré, ó ń dùn mí bí mo bá ń kọjá. Má bínú sí mi.

Bá mi kí Jésùfẹ́mi àti bàbá ẹ̀. Ní ìjọ, wọ́n ń bi mí pé agogo mi dà. Mo ní mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ọmọ́ṣọlá ní Valbrune, níbi tí wọ́n á ti dáhùn bó bá lù ú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Wùnmí.