Aṣọ Tí Kò Tíì Bò Mí Tán

Ìsẹ́yìn, Sátidé

Ẹgbẹ́ básíkẹ́tì kan ní Kàdúná ní kí n wá máa bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù. Mo fò sókè, mo forí gbá àtẹ́rígbà!

Ṣùgbọ́n Bàbá ńkọ́? Ẹgbẹ́ kẹfà rèé, Bàbá ò sì wá wò mí lórí pápá rí. Wọ́n á ní n ò lè jókòó síbì kan.

Mo bá wọn nídìí òfì, mo sọ ọ́. Wọn ò gbójú sókè.

"Àwọ̀ wo ni wọ́n ń wọ̀?"

"Àwọ̀ ewé, sà."

Wọ́n fa aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tí wọ́n rán pọ̀ yọ. Àwọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi àtẹ̀yìnwá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan!

"Ìbora rẹ ni. Ẹsẹ̀ rẹ á ṣì yọ síta. Máa lọ."

Mo ti fi bora báyìí. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ mi wà níta.