Ẹ Má Lọ Síbì Kankan

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé tó o ń gbé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Mo mọ̀ pé àlàáfíà lo wà torí mo rí ọ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì tún rí ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n ìyá tó rí ojú ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ béèrè. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibi tó o wà yẹn kò ní jẹ́ kí o já bọ́. Àwọn tí ẹ jọ jókòó yí tábìlì yẹn ká kò ní fa àga yọ nídìí rẹ. Iná tí wọ́n ń tàn sí ọ lójú yẹn kò ní ba ojú rẹ jẹ́. Àmín.

Ilé dára díẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ tó ń jò, wọ́n ti bá wa kàn án. Ajá aládùúgbò wa bímọ sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mi ò sì lè lé e, abiyamọ ni, bí mo bá ti fẹ́ gé aṣọ mo kọ́kọ́ máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń bú mi, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Kí n tó dé orí ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti bá ọ sọ nípa iṣẹ́ rẹ, má bínú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń jókòó lápá òsì rẹ, èyí tí wọ́n ní ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara yín lẹ́nu jù. Ó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Bó bá tilẹ̀ ṣì í sọ, jẹ́ kó sọ ọ́ tán kó o tó tún un ṣe. Inú mi kì í dùn bí ẹ bá ń jà bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ ní òun ń gbádùn rẹ̀, ó ní kò sí ìgbà tí ẹ jà tí kì í ṣe ìwọ lo jàre.

Ìrẹ́jẹ inú bọ́ọ̀lù yẹn náà ń dùn mí. Ọmọ tó wọ aṣọ pupa níjọ́sí gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó tún gbá a wọlé, wọ́n tún ní kó gbá a díẹ̀díẹ̀, ó gbá a díẹ̀díẹ̀, ó ṣì wọlé, síbẹ̀ góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sókè fún wọn. Gólí tí wọ́n ń mú kó máa ṣubú lé egungun ìhà kan náà ṣáá ńkọ́? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lò ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìṣojú rẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, o sì ń rẹ́rìn-ín. A kò tọ́ ọ láti máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níran.

Aṣọ aláwọ̀ ewé tó o wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun náà lo tún wọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, pẹ̀lú yẹtí kan náà. Aránṣọ ni ìyá rẹ, má dójú tì mí. Ojú ìrán èjìká òsì rẹ̀ sì ti fẹ́ tú, mo rí i láti orí àga. Rewáyà tó bá wa so àwo tẹlifíṣọ̀n mọ́ òrùlé ní kì í ṣe pé o wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti Sátidé ni wọ́n tún gbé wá. Mo bi í pé báwo ni àná ṣe máa padà wá sínú pálọ̀ mi, tí á tún máa sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ nu ojú. Mo ti rán òmíràn fún ọ, dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé e dání. Mi ò mọ gígùn rẹ̀ dáadáa, torí láti ìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, láti àyà lọ sókè nìkan la máa ń rí. A kò rí ẹsẹ̀ rẹ rí.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an ló sì gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ kò dára. Ó ní kí n má sọ fún ọ, kì í sì í kúrò nítòsí mi tí mo bá di fóònù mú, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣó ló gún un ní ṣọ́ọ̀bù, lára pákó tó tú kúrò lára ilẹ̀kùn àtijọ́ kan, o mọ ìṣe bàbá rẹ, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tó wà lára rẹ̀ kò jẹ́ kí egbò náà san. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀hún ti dúdú, ọmọ ìka tó tẹ̀ lé e náà ti ń dúdú bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a wẹ egbò náà ní apá òun kò ká a mọ́, ó ní ká gbé e lọ sí ọsípítù ńlá. Ó ní bí a bá tètè lọ, ọmọ ìka ni wọ́n máa gé, bí a bá fi falẹ̀, ẹsẹ̀ ni, bí a bá tún fi falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó kàn ń wò mí lójú.

Bàbá rẹ ní òun ò lọ. Ó ní ìwọ lo ní kí òun má lọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Nígbàkigbà tí àwọn oníbẹ́ẹ̀dì bá fẹ́ wá polówó ọjà wọn láàárín ètò yín, o máa ń wò wá lójú, wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní, “Ẹ má lọ síbì kankan, a ń padà bọ̀.” Bàbá rẹ gbà pé òun lò ń bá wí. Rewáyà bá a jiyàn títí, ó ní ojú dígí ẹ̀rọ kan lò ń wò nínú yàrá kan tó jìnnà. Bàbá rẹ ní kó gbé àga òun lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó jókòó, ojú rẹ tẹ̀ lé e débẹ̀. Ó ní kó gbé e lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ojú rẹ tún tẹ̀ lé e débẹ̀. Rewáyà fúnra rẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀ wò ó, ó dìde, ó ní ojú rẹ tẹ̀ lé òun náà débẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn bàbá rẹ kì í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì wá sí pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé mọ́, ó máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó fẹ́ràn rẹ, ọmọ yìí, mi ò mọ̀ bóyá o mọ bó ṣe tó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Bàbá Oníbọ́ọ̀lù. Nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ó pè wọ́n wá sílé, ó ní kí wọ́n wá wo bí àwọn ọkùnrin ṣe ń panu mọ́ bí o bá ti gbé ọwọ́ sókè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ó kù díẹ̀ ká ṣe é. Mo ti bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. A wá ọkọ̀. Mo wọ ẹ̀wù fún un, mo fi aṣọ we ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, mo ki bàtà bọ èkejì. Rewáyà di apá rẹ̀ kan mú, èmi di èkejì mú. Kò sẹ́ni tó rántí pa tẹlifíṣọ̀n. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí la gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn wa. Ìwọ ni, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, o ní, “Ẹ má lọ síbì kankan, a ń padà bọ̀.” Bàbá rẹ dúró. Ó gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó ń tiro padà sórí àga, ó jókòó. Ó ní ṣé àwa náà ti gbọ́ ọ báyìí. Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè títí, nígbà tó sú u, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Inú bí mi débi pé mo lọ dúró síwájú rẹ, mo bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ pa bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n o ti lọ, àwọn oníbẹ́ẹ̀dì ló kù, ọmọbìnrin kan ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Má fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ara wa rọlẹ̀, mo bi í pé ṣé ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní ta ni ọ̀bẹ kì í bà lẹ́rù, káfíńtà kúkú mọ ohun tí ayùn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe ìyẹn. Ó wá ní, “Bí mo bá lọ, tí ọmọ mi dé, tí kò bá mi nílé ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Láti ìgbà tó o ti gba iṣẹ́ yìí, o kò tíì wálé. Mi ò fi í bú ọ. Mo mọ̀ pé ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń sinmi ni iṣẹ́ tiyín ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í sì í tán láyé. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, “Màámi, mò ń bọ̀.” Bí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n, ohun kan náà lò ń sọ. Ọ̀nà méjèèjì la ti gbọ́ ọ, ọ̀nà méjèèjì la sì ti gbà á gbọ́.

Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí rewáyà sọ, ó sì lè jẹ́ òótọ́ pé o kì í rí wa. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Bó bá jẹ́ pé o rí ẹsẹ̀ yẹn ni, o ò bá ti dìde kúrò nídìí tábìlì yẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n má sọ fún bàbá rẹ láé pé o kì í rí òun. Ìyẹn ló ń tìtorí ẹ̀ jí láti Mọ́ńdè títí di Sátidé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí àwọn oníbẹ́ẹ̀dì tó dé, wo apá ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ la gbé àga rẹ̀ sí. Sọ fún un pé, “Bàbá mi, ẹ dìde, ẹ máa lọ sí ọsípítù, ibẹ̀ ni mo ti máa wá bá yín.” Bẹ ọ̀gá rẹ. Bẹ ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn kó fún ọ láyè díẹ̀, ó jọ ẹni tó ní bàbá. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ bí o kò bá ní wá, torí gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀ ni á máa wo ẹnu ọ̀nà. Bí wọn kò bá sì gbà kí o sọ ọ́, dìde máa bọ̀, kí bọ́ọ̀lù máa yí lọ.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, torí dẹ́rẹ́bà tó dúró lásán lọ́jọ́ Sọ́ńdè ní òun kò ní tún wá láìgbowó sọ́wọ́ ná, kí o sì fi ti ọsípítù kún un bó bá wà. Má fi í gba báńkì mọ́. Èyí tó o fi ránṣẹ́ níjọ́sí, ọmọ tó wà nídìí fèrèsé ní ó ti wọlé, mo ní kó jẹ́ kí n rí i, ó ní inú kọ̀ǹpútà ló wà, mo ní kó ṣí i, ó ń wò mí. Dẹ́rẹ́bà tó mú aṣọ wá ni kí o fún.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, á sì dá wa sí láti jẹun ọmọ. Ohùn rẹ tí gbogbo ayé ń gbọ́ kò ní gbẹ. Wàá bá wa láyé, wàá bá bàbá rẹ lórí ìdúró.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ á ti wà níta. Bàbá rẹ á ti múra, èmi náà á ti múra, a ó jókòó síwájú rẹ. Ohun tó o bá ní ká ṣe la máa ṣe.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.