Bọ́tìnnì Orí Páálí

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé-ìwé Girama,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Gògòrò, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o sùn? Àwa náà ò kú, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá, wàá sì gba tìẹ níbẹ̀ lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó gbójú lé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é. O rántí àwọn kọ̀ǹpútà tí ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ wa dáwó rà fún ilé-ìwé? Àtìgbà tẹ́ ẹ ti ya fọ́tò tán ni ọ̀gá ilé-ìwé ti tì wọ́n mọ́lé. Ó ní àwọn ọmọ á bà wọ́n jẹ́. Ọra tí wọ́n fi wé wọn dé ṣì wà lára wọn! Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà bẹ̀bẹ̀ títí, kò rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Òun náà ò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ló bá ya bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sórí páálí, ó to A, B, C, D tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ọmọ yìí gbé páálí lé itan, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí kò fi wojú ẹ̀ mọ́. Èmi náà ń fi í yangàn fáwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ ìdánwò, ojú wà lórí ìbéèrè, ìka ń sáré. Ìgbà tó máa gbójú sókè, wúruwùru ló rí lójú kọ̀ǹpútà. Àṣé lórí kọ̀ǹpútà gidi, Q ló ṣíwájú, B ti sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá!

Ó nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ̀ǹpútà yìí ti bàjẹ́."

Ẹni tó ń ṣọ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo bàjẹ́. Jókòó!"

Ló bá ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Àǹtí, ṣé tíṣà ló purọ́ ni, àbí kọ̀ǹpútà?" 

Ọ̀gá yẹn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiyín náà ò mọ́. Ẹ ra ẹṣin tán, ẹ ò bèèrè ẹni tó ń gùn ún. Lánàá, ọ̀gá ọ̀hún fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n rán ìbòrí tuntun fáwọn kọ̀ǹpútà, kí eruku má baà bà wọ́n jẹ́. Aṣọ ọ̀hún nìyí lórí ẹ̀rọ mi, mi ò gé e. Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ṣì ń tẹ páálí.

Bá mi kí ìyàwó ẹ, àti gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn. Ọmọ náà ní kí n kí ọ. Kò mọ̀ pé o wà lára àwọn tó ra kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn.

Tìẹ náà ni mí, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,

Ẹnu-Abẹ́rẹ́.