Àtẹ́wọ́ Tí Mo Pa fún Kánsẹ́lọ̀

Abúlé Hamujele,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Choolwe ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lusaka? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ilé tí o háyà kò jò? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí o ṣìnà níbẹ̀. Gbogbo wa ń mí nílé níbí. Màlúù pupa yẹn ti bí abo, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ, orókún rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó kí ọ dáadáa. Orókún yẹn gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí, nítorí mo ṣe nǹkan kan, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ará ilé tó fi iyọ̀ sí i fún ọ.

O mọ̀ pé kànga ẹlẹ́rọ wa ti dákẹ́ láti ìgbà ìkórè. Bí a bá tẹ ọwọ́ rẹ̀, á kàn máa wúkọ́ bí arúgbó ni, omi kò ní jáde. Odò tí àwọn màlúù ń wọ̀ ni ìyá rẹ ń lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú orókún yẹn. Nígbà tí Kánsẹ́lọ̀ Siamoonga tí a dìbò fún wá kí wa, ó ní ká má fẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì òun mọ́, ó ní òun ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wasáàpù, kí ẹni tí nǹkan bá ń dùn lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Nítorí fóònù tí o rà fún mi, àti nítorí pé mo lọ sẹ́kọ́ńdìrì, Baálẹ̀ ní èmi ni kí n jẹ́ ẹnu abúlé.

Choolwe, ṣé èèyàn á kàn já wọ agbo ilé àgbà, kó máa pariwo omi, omi? Wọ́n kọ́ mi nílé. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí fìlà, mo ń gbé fóònù sórí àpótí, mo ń lóṣòó síwájú rẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́ bí a ti ń ṣe kí àgbà kí a tó sọ̀rọ̀, mo sì ń fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ kí Kánsẹ́lọ̀ lè mọ̀ pé mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá ń dúró kó ní kí n sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àmì búlúù méjì máa ń yọ lábẹ́ àtẹ́wọ́ mi, mo sì sọ fún Baálẹ̀ pé ìjọba ti ń buwọ́ lùwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń buwọ́ lù ú kí ayédèrú má baà wọ̀ ọ́. Kánsẹ́lọ̀ náà ń gbé àwòrán tirẹ̀ síbẹ̀: òun àti afárá, òun àti ewúrẹ́, òun àti kànga ẹlẹ́rọ kan tí n kò mọ̀, tí omi ń tú yàà lẹ́nu rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni mo fi pa á.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó pe ìpàdé lábẹ́ igi musekese. Akọ̀wé rẹ̀ dìde, ó ń ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Nígbà tó kan abúlé wa, ó ní ọ̀rọ̀ omi ti parí, ó ní àwọn ará abúlé dúpẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Háà! Baálẹ̀ béèrè pé ta ló pa àtẹ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi bí ẹni tí kò rí i rí. Bina Mizinga, ìyá àgbà láti ìran tó ń bá ìran wa ṣe yẹ̀yẹ́ láti ayé baba ńlá, tí a kò gbọdọ̀ bínú sí, ló gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ẹni tó pàtẹ́wọ́ jọ̀ọ́ bu díẹ̀ fún òun nínú rẹ̀, òun fẹ́ fi ro ọkà nshima. Ó ní ìran wa náà ni, kò lè ju ìran wa lọ, àwa tí a máa ń dúpẹ́ oúnjẹ kí iná tó ràn. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rí ìyá rẹ tó ń bọ̀ láti odò, garawa lórí, ó ń tiro. Kò gbọ́ ohunkóhun nínú ohun tí wọ́n sọ. Ó kàn béèrè pé ṣé a ti fún àlejò lómi.

Ọmọ mi, ìtìjú ló gbé mi dìde, kì í ṣe ìgboyà. Mo bu omi náà sí ife, ó pọ́n bí ilẹ̀ tó ti wá. Mo lóṣòó níwájú Kánsẹ́lọ̀, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e fún un. Mo ní èmi ni mo pa á. Mo ní kì í ṣe ọpẹ́, ìkíni ni. Mo ní ọmọ ilẹ̀ yìí lẹ jẹ́, ìyá yín náà kọ́ yín. Ẹnu ọ̀nà yín ni mo ṣì wà láti ọjọ́ yìí wá, n kò tíì sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ mi nìyí, ẹ mu ún.

Kánsẹ́lọ̀ wo inú ife, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e sún mọ́ ètè, akọ̀wé ya fọ́tò, Kánsẹ́lọ̀ sì gbé ife sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò kan omi. Kí oòrùn tó wọ̀, àwòrán náà ti dé inú fóònù, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Kánsẹ́lọ̀ ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ mu omi tuntun. Abúlé mẹ́fà ló ti pàtẹ́wọ́ sí i. Bóyá wọ́n ń kí i ni o, bóyá wọ́n ń yìn ín ni o, n kò mọ̀ mọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bá mi jà. Ó ní gbogbo àárọ̀ tí òun fi ń rí mi ní ìlóṣòó, òun rò pé inú ló ń run mí ni. Ó wá ní òun pẹ̀lú mi la jọ ń lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, a ó rọ omi odò sínú ìgò, orí tábìlì wọn la ó gbé e kà, òun ni yóò sì sọ̀rọ̀, nítorí òun kì í kí èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, bí díẹ̀ bá sì lè kún un fún oògùn orókún, a ó dúpẹ́. O ní owó lè gba inú fóònù wọlé, ṣùgbọ́n má fi gba ibẹ̀ o, Kánsẹ́lọ̀ wà nínú rẹ̀. Fi lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Iṣẹ́ rẹ kò ní di iṣẹ́ àwòrán. Ẹnu ọ̀nà tí o bá dúró sí, ẹni tó wà nínú ilé á dá ọ lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hamalambo.