Iwin Tí Ẹ Fi Ṣọ́ Odò

Bàbá mi tí mo ń pè tí kò lè jẹ́ mi mọ́,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé a kì í bá òkú jà, Ìyá sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n rọra, ṣùgbọ́n ta ni kí n wá bá jà? Bọ̀dá Akíntádé, ẹ̀gbọ́n mi, ni mo kọ́kọ́ kojú sí. Èyí tí mo bá a jà ti tó. Ó kan ẹ̀yin báyìí.

Odò wa gbẹ. Odò ẹ̀yìn ilé níbí ní Ìjù-Odò, tí Ìyá ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ láti fi ṣe púpurú, oúnjẹ tó ń tà, kí ẹ tó bí mi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, bàtà ni mo wọ̀ là á kọjá, bàtà náà kò tutù. Ìyá wá ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sí odò olódò, wọ́n á ní kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí àwọn yóò fi rẹ tiwọn tán. Ìyá, tí púpurú rẹ̀ kì í pẹ́ lórí igbá lọ́jà Òde-Ayé! Arúgbó tí eékún ń yọ lẹ́nu!

Ẹ rántí àwọn igi ògùrọ̀ etí odò, tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kàn? Bí ẹ bá ń ṣán oko bọ̀, tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó dúró, ẹ ó nu àdá mọ́ ṣòkòtò, ẹ ó yíjú padà. Bí a bá bi yín léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ ní: iwin ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí Bíbélì kì í wọ́n lábíyá yín lọ́jọ́ ìsinmi! A sì gbà yín gbọ́. Sísá ni mo máa ń sá bí mo bá pọnmi níbẹ̀, ìdajì omi á ti dà sí mi lọ́rùn kí n tó délé.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Bọ̀dá wọ ìjọ aládùúrà. Kò burú, èmi náà ń lọ. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ará àgíríìkì ń pín ọ̀pẹ tuntun, ọ̀pẹ kúkúrú tó ń tètè so, Bọ̀dá sì ń wá ilẹ̀ tí yóò gbìn ín sí. Ojú rẹ̀ lọ sí etí odò. Iwin nìkan ló dí i lọ́wọ́. Ó bá kó àwọn aláṣọ funfun lọ síbẹ̀ pẹ̀lú agogo àti omi àdúrà. Wọ́n pe Jésù, wọ́n lé iwin, wọ́n sì gé gbogbo ògùrọ̀ yín lulẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ gbé etí odò lọ, òun àti ọ̀pẹ tí Bọ̀dá gbìn síbẹ̀, tí kò tíì ta gbòǹgbò. Yanrìn ya wọ ibi tí Ìyá ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó dí i pa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, oòrùn bá ìwọ̀nba omi tó kù ní ìhòòhò, ó lá a tán. Ìgbà yẹn ni Ìyá tó là mí lójú, níbi tó ti ń to púpurú sókè ààrò fún èéfín. Gbòǹgbò ògùrọ̀ ló ń di ilẹ̀ mú, ibòji rẹ̀ ló ń pa omi mọ́. Ẹ ti sọ fún un láti ọdún tí ẹ fẹ́ ẹ. Ó rò pé ẹ ti sọ fún Bọ̀dá náà, pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa? Ṣé òmùgọ̀ ni wá lójú yín ni? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ panu mọ́, ẹ wá fi iwin lé wa lọ́wọ́. Àdúrà lè lé iwin. Àdúrà wo ni ìbá lé gbòǹgbò?

Mo ti ń gbin ògùrọ̀ mìíràn. Bọ̀dá wá bá mi gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kò lè wo ojú mi. Bó ti ń rúwé ni àwọn ọmọ ilé ń fà á tu fi ṣeré. N kò ṣe bíi tiyín o. Mo kó wọn jókòó, mo ṣàlàyé gbòǹgbò, mo ṣàlàyé ibòji. Wọ́n mirí bí ọmọ gidi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n tún fà á tu. Mo tún ṣàlàyé. Wọ́n tún fà á tu.

Bàbá, inú bí mi, mo sọ fún wọn pé iwin ti padà dé.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kankan kò débẹ̀ mọ́. Ògùrọ̀ ti ń ga. Àní Bọ̀dá, tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé iwin lọ, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń gbà lọ sóko báyìí, kò gba etí odò mọ́. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ló yá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi sí yín. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yìí bá tó mú àdá, èmi yóò sọ òtítọ́ fún wọn kí n tó kú. Ṣé ẹ gbọ́?

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tó ń bá yín jà, tí àárò yín kò jẹ́ kó gbádùn.